Orúkọ Tí Wọ́n Kọ Sára Àpò

Nígbà tí mọ́tò akẹ́rù bá ti Ìbàràpá dé Èkó, àpò gàrí, àpò ẹ̀gúsí àti àpò èlùbọ́ ti gorí ara wọn bí òkè. Ẹni tó ń já ẹrù kì í tú àpò wò. Àmì tí ẹni tó di ẹrù náà fi ọ̀dà kọ sí i ni ojú rẹ̀ ń wá: ábídí méjì, orúkọ ẹnì kan, tàbí ìlà pupa gbọọrọ kan. Bí oníbàárà bá dé tó ní, "Gàrí mi dà?", kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí gàrí ni gbogbo wọn. Ó di dandan kó mọ àmì tí ẹlòmíràn kọ ní ibi tí òun kò sí. Bí ọ̀rọ̀ fáìlì ṣe rí lórí Usenet nìyí, àti lórí gbogbo ibi tí a ti ń fi atọ́ka wá nǹkan. Atọ́ka kì í bá wa wá ohun tí a ń wá. Orúkọ tí ẹlòmíràn sọ ohun náà ló ń bá wa wá. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn yóò rí ohun tí ẹlòmíràn ti wá tì. Ẹni tí kò bá fi sọ́kàn yóò ní ohun náà kò sí, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ló ṣì pè.

Usenet dàgbà ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ní ọdún 1979 ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, Tom Truscott àti Jim Ellis, gbìmọ̀ rẹ̀, tí Steve Bellovin ti Yunifásítì North Carolina tó wà nítòsí wọn dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tó di 1980, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní olówó kan, kò sì ní ilé kan tí gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà kan á pe èkejì lórí fóònù, á kó gbogbo lẹ́tà tuntun tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún un, èkejì á kó o fún ẹ̀kẹta, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń ti ọjà Èrúwà dé Lánlátẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n pín àwọn lẹ́tà náà sí agboolé-agboolé tí wọ́n ń pè ní newsgroup, orúkọ agboolé kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ohun tí wọ́n ń jíròrò níbẹ̀: sci.med fún ọ̀rọ̀ ìlera, soc.culture.nigeria fún ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, nígbà tí fóònù ilé pàápàá ṣọ̀wọ́n ní Ìbàràpá, soc.culture.nigeria wà lára àwọn ojúde tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun ti ń bára wọn jiyàn, tí wọ́n sì ti ń bára wọn ṣàwàdà.

Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni wọ́n ṣe Usenet fún. Àwòrán, orin, tàbí ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkọ, nítorí náà wọ́n dá ọgbọ́n kan: wọ́n yí fáìlì padà sí ábídí àti nọ́ńbà wúruwùru tí ojú kò lè kà, kó lè rin ọ̀nà tí lẹ́tà ń rìn. Ọgbọ́n àkọ́kọ́, uuencode, ń sọ báìtì mẹ́ta di ábídí mẹ́rin, ẹrù sì ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wúwo sí i. Ní 2001 ni Jürgen Helbing gbé yEnc jáde, èyí tí àfikún tirẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan kò lè gbé ẹrù ńlá, wọ́n ní láti gé e sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan sì ní àkọlé tirẹ̀. Ká ní ẹnì kan ya ìwé ńlá kan nípa ìlú Ìdèrè, tó sì kó o ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ìwé mìíràn. Ohun tí atọ́ka yóò rí kò ju ìlà bí irú èyí lọ: scan [02/12] - doc_final3.pdf yEnc (07/40). Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fáìlì kejì nínú méjìlá nìyí, ègé keje nínú ogójì ló sì wà nínú lẹ́tà yìí. Inú fáìlì náà lè ní igba ojú ìwé tí Ìdèrè kún bámúbámú. Ìlà yẹn kò dárúkọ Ìdèrè, nítorí náà, lójú atọ́ka, Ìdèrè kò sí níbẹ̀.

Oríṣi atọ́ka méjì ló wà, àwọn ènìyàn a sì máa gbé ọ̀kan fún èkejì. Èkíní ń ka inú lẹ́tà. DejaNews, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó jókòó sídìí wẹ́ẹ̀bù lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tú lẹ́tà Usenet wò. Google ra àkójọ rẹ̀ ní oṣù Èrèlé 2001. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi lẹ́tà tó tó ti ogún ọdún kún un, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ti pẹ́ jùlọ sì wá láti inú téèpù tí Henry Spencer tọ́jú sí Yunifásítì Toronto. (Bí kì í bá ṣe ọkùnrin kan tí kò da téèpù nù, kí là bá máa wá?) Ní oṣù Èrèlé 2024, Google dẹ́kun gbígba lẹ́tà Usenet tuntun, àmọ́ àkójọ àtijọ́ ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ wá inú rẹ̀. Oríṣi kejì ni atọ́ka fáìlì, irú Binsearch àti NZBIndex. Àwọn wọ̀nyí kì í tú àpò. Àkọlé, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, orúkọ newsgroup, ọjọ́ àti ìwọ̀n ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá rí ohun tí a béèrè, wọ́n á fún wa ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní NZB, tó to nọ́ńbà ìdánimọ̀ ègé kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, kí kọ̀ǹpútà wa lè lọ ṣà wọ́n jọ. Ìwé pélébé yẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí orúkọ bá ti bá orúkọ mu ló ń wúlò.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni Ìdèrè, ìlú kékeré kan nínú Ìbàràpá méje, ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sòbìà, àrùn aràn kan, ló gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi tí orúkọ ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò dé. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá láti 1963, Igbó-Ọrà sì ni ibùdó iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di bí ọdún 1980 sí i, àwọn olùwádìí bíi William Brieger, Jayashree Ramakrishna, Joshua Adéníyì àti Ọládélé Kálé ti sọ Ìdèrè di ibi tí àwọn onímọ̀ ìlera káàkiri ayé ń tọ́ka sí. Wọ́n kọ nípa omi adágún tí àwọn ènìyàn ń mu, tí kòkòrò omi tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀ ń gbé ọmọ aràn náà, tí aràn fi ń wọ ara, tí yóò sì yọrí jáde, ní ẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sòbìà ti wà lára ẹ̀dá látìbẹ̀rẹ̀ bí iṣan ṣe wà, kì í ṣe pé ó ti inú omi wá. Wọ́n kọ nípa aṣọ asẹ́ tí àwọn aránṣọ ìlú rán, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó jẹ́ ọmọ ìlú sì ń tà fún ará ilé wọn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń bá jà jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé àrùn náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ìwé wà nígbà náà. Ẹni tó ń wá a ló wà nínú ìṣòro, nítorí aràn kan ṣoṣo jẹ́ orúkọ mẹ́rin. Àwọn dókítà ń pe àrùn náà ní dracunculiasis. Àwọn mìíràn kọ ọ́ ní guinea worm, ọ̀rọ̀ méjì. Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ sí guineaworm nínú ìwé tiwọn. Ọmọ Ìdèrè ń pè é ní sòbìà. Atọ́ka tó ń fi odindi ọ̀rọ̀ wá nǹkan, bí a bá kọ guinea sí i, yóò kọjá lára guineaworm bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí a bá sì kọ sòbìà sí i, ọmọ ìlú tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ wà nínú àwòrán ìwé náà kò ní rí i, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé kọ́ ló wà lára àpò.

Ká wá fi orúkọ ìlú wá a. Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń pani lẹ́rìn-ín. Àwọn atọ́ka kan wà tí kò bìkítà fún odindi ọ̀rọ̀. Ègé ábídí tí a bá fún wọn ni wọ́n ń wá, níbikíbi tí ó bá fara pamọ́ sí. Ẹ kọ idere sí irú atọ́ka bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà considered: c, o, n, s, lẹ́yìn náà idere, lẹ́yìn náà d. Ìdèrè wà nínú rẹ̀ ṣámúṣámú. Gbogbo Òyìnbó tó bá ti kọ ọ́ rí pé òun ti ro nǹkan kan wò yóò tú jáde síta bí ẹni pé ọmọ ilé Onídèrè ni wọ́n. Igbó-Ọrà ní ìyà tirẹ̀. Àmì kékeré tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ni ọ̀pọ̀ atọ́ka ń kà sí àlàfo, ìlú náà á wá pín sí Igbo àti Ora. Igbo láìsí àmì ohùn á kó wa lọ sí ilẹ̀ Ìgbò níhà ìlà-oòrùn, ora a sì gbé wa lọ sí Ítálì, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ìsinsìnyí. Ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì ni atọ́ka wá sọ di méjì tí kò jọra.

Àmì ohùn wá fi tirẹ̀ kún un. Ìlànà àtijọ́ tí Usenet fi bẹ̀rẹ̀, ASCII, kò ní ju àyè 128 lọ fún gbogbo ábídí, nọ́ńbà àti àmì. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sì sí àmì ohùn kankan tó lè gorí fáwẹ́lì. Ẹni tó bá kọ̀wé nípa ìlú rẹ̀ nígbà náà ní láti kọ Idere, bó ti wù kó mọ Yorùbá kọ tó. Lónìí, ìlànà tuntun tó ń jẹ́ Unicode ti fún wa ní àmì, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló fún wa. A lè kọ Ìdèrè kí Ì àti è kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ẹyọ márùn-ún. A sì lè kọ I lọ́tọ̀, kí a fi àmì ohùn lé e lọ́tọ̀, kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún e méjèèjì, gbogbo rẹ̀ á di ẹyọ mẹ́jọ. Lójú ènìyàn, ìkan náà ni wọ́n. Lójú atọ́ka tí wọn kò kọ́ dáadáa, wọn kò bára wọn tan. Ti Ọ̀yọ́ tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú Unicode tó gba ọ pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Dandan ni kí ó pín. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tó ti gbó bá sì fi ìlànà àtijọ́ mìíràn ka tuntun, ìlú náà á di ÃŒdÃ¨rÃ¨. Mo ti rí àwọn tó ń bínú sí irú ìdọ̀tí yìí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìwákiri kì í bínú sí i, ó máa ń da á kọ, kó sì fi wá nǹkan, nítorí nígbà mìíràn òun gan-an ni orúkọ tó wà lára àpò.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó ń wá fáìlì ní láti yí òwe yìí padà: kó wo ilé ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ, kó tó mọ orúkọ tí ọmọ yóò máa jẹ́. Ta ni yóò fi irú ìwé yìí ránṣẹ́? Bó bá jẹ́ dókítà, ọ̀rọ̀ Látìnì ni ká kọ́kọ́ gbìyànjú. Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìbàdàn, Ibarapa lè dára ju Idere lọ, nítorí iṣẹ́ ìlera náà ń jẹ́ orúkọ agbègbè, kò jẹ́ orúkọ ìlú kan. Bó bá jẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó má dárúkọ Ìdèrè rárá, kó ní Oyo State, kí àlejò lè mọ ibi tí òun ń sọ. Lẹ́yìn orúkọ, newsgroup ni ká fi dín in kù, lẹ́yìn náà ọdún, lẹ́yìn náà ìwọ̀n; ìwé tí wọ́n yà kì í tóbi bíi fíìmù. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó láti tọ́jú lẹ́tà Usenet ń pa á mọ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ báyìí, torí náà ohun tó ti pẹ́ díẹ̀ ṣì lè wà.

Wọ́n á ní ayé ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìwákiri òde òní ń mọ ìtumọ̀, ó ń ka inú ìwé, kí ló kù tí a fi ń da ara wa láàmú nítorí orúkọ? Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí tó dára jùlọ fún un kò sì jẹ́ ti òde òní rárá: láti 1960 ni ilé-ìkàwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ti ní àkójọ orúkọ kan, tó fi jẹ́ pé bí òǹkọ̀wé kọ guinea worm, bó sì kọ dracunculiasis, abẹ́ orí kan náà ni wọ́n á kó wọn sí. Ẹni tó bá wá ọ̀kan á rí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènìyàn ló jókòó ka ìwé, ènìyàn ló fún un ní orúkọ kejì. Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣẹ́gun orúkọ. Ẹni tó fi kún orúkọ ló ṣẹ́gun. Sòbìà kò sì sí lára àwọn tí wọ́n fi kún un. Ní ti kíka inú ìwé, ojú ìwé tí wọ́n yà jẹ́ àwòrán, ẹ̀rọ tó ń yí àwòrán padà sí ọ̀rọ̀ sì máa ń kọsẹ̀ lórí àmì abẹ́ àti àmì ohùn wa. Fáìlì tí wọ́n ti gé sí ogójì nínú Usenet, atọ́ka kò tilẹ̀ ní ṣà á jọ, nítorí owó àti àyè tí èyí yóò ná kò kéré.

Àtakò kejì ní eyín jù ú lọ: pé ọjà olè ni ibi tí atọ́ka fáìlì ti ń ṣiṣẹ́. A kò lè sẹ́ ẹ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2010, Adájọ́ Kitchin ní ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dá àwọn oníṣòwò fíìmù láre lórí Newzbin, ilé-iṣẹ́ tó dá NZB sílẹ̀. Àwíjàre Newzbin ni pé àwọn kò ní fíìmù kankan lọ́wọ́, atọ́ka lásán ni àwọn. Ohun tó bà á jẹ́ fún wọn ni ohun tó mú wọn dára: wọ́n ní àwọn olóòtú tó ń wo ohun tó wà nínú lẹ́tà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀ gan-an, lábẹ́ ìsọ̀rí tó yẹ ẹ́. Adájọ́ kò gbà pé ẹni tó mọ orúkọ ẹrù tó báyìí kò mọ ẹrù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì tún rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀, pé atọ́ka tó ṣiṣẹ́ dáadáa ni èyí tí ènìyàn fọwọ́ sọ lórúkọ. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹrù ẹlòmíràn ránṣẹ́ ti ń fi ábídí wúruwùru ṣe àkọlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ ọ́n. Àroko ni wọ́n ń pa. Ẹ̀ẹ́rú àti owó ẹyọ tí wọ́n so mọ́ra wọn lè kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá láìyé ẹnì kan, àyàfi ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Atọ́ka kò lè túmọ̀ àroko, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè túmọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ní Usenet ti di ohun àtijọ́ kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo fóònù. Ìwé ìtàn ìlú, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, oríkì tí bàbá kan kọ kó tó kú, orí WhatsApp ni wọ́n ń gbà kọjá báyìí, orúkọ tí wọ́n sì ń jẹ́ níbẹ̀ ni DOC-20190312-WA0007. Ọjọ́ àti nọ́ńbà, ó tán. Nínú Usenet, ó kéré tán, ènìyàn ló kọ àkọlé, bí kò tilẹ̀ kọ ọ́ dáadáa. Níbí, ẹ̀rọ ló sọ ọmọ lórúkọ, atọ́ka tó lè wo inú gbogbo ẹgbẹ́ náà kò sì sí. Ìwé kan náà lè wà lórí igba fóònù láti Ìdèrè dé Houston, kí ẹni tó ń wá a má sì rí i. Iṣẹ́ tó lè yí èyí padà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ: kí ẹni tó kọ́kọ́ gba ìwé náà yí orúkọ rẹ̀ padà kó tó fi ránṣẹ́ síwájú, kó sì fi gbogbo orúkọ tí oríṣiríṣi ènìyàn lè pè é sí i, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, bíi Idere Ìdèrè Ibarapa guineaworm guinea worm sobia sòbìà.pdf. Àwọn kan á ní orúkọ yìí gùn, kò sì lẹ́wà. Mo kà á: ẹyọ 58 ni, pẹ̀lú àlàfo àti àmì ìdánudúró inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń gba 255.